Ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀

Lẹ́yìn tí a ṣàṣàrò tán láàárọ̀ yìí, èmi ni fífọ ife kàn. Ife 14 ni. Mo ti fọ tó mẹ́wàá, ọkàn mi wà lára omi àti kànìnkànìn, kò sí wàhálà kankan. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Màmá lẹ́yìn mi. Lójú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ mi yí padà. Mo tẹ̀ ba, mo ń ha ìdí ife kan bí ẹni pé ọ̀dà ló lẹ̀ mọ́ ọn. Màmá dúró, wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé ife yẹn ò tíì mọ́ ni?"

"Ó ti mọ́, Mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Gbé e kalẹ̀ nígbà náà."

Wọ́n mú aṣọ tí wọ́n wá mú, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò tiẹ̀ jọ pé wọ́n fi bú mi. Ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé etí mi gbóná.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ ìyìn ló dùn mí, ta ni kò fẹ́ ìyìn? Bó ṣe yá tó ni. Mi ò rò ó, mi ò pinnu rẹ̀. Ẹsẹ̀ dún, ṣekárími dìde. Ìṣẹ́jú 40 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jókòó wo èémí mi bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, mi ò mọ ibi tó gbà lọ.

Rahula, ọmọ bíbí inú Búdà tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, ló wá sí mi lọ́kàn. Ìgbà kan wà tí Búdà lọ bá a, ọmọ náà gbé ìjókòó fún un, ó bu omi ìfọsẹ̀ wá. Nígbà tí Búdà fọ ẹsẹ̀ tán, ó ṣẹ́ omi táṣẹ́rẹ́ kù sínú igbá, ó ní bí omi yìí ṣe kéré tó ni ìsìn ẹni tí ojú kì í tì láti mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ó da omi náà nù. Ó dojú igbá dé. Ó wá bi ọmọ náà pé kí la ń fi dígí ṣe. Rahula ní a fi ń wo ara ẹni ni. Búdà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó máa wo ìṣe rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti èrò rẹ̀: kó tó ṣe é, bó bá ń ṣe é lọ́wọ́, àti lẹ́yìn tó bá ṣe é tán.

Èyí tó wà láàárín yẹn ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó ṣe nǹkan, mo lè rò ó dáadáa. Bí mo bá ṣe é tán, mo mọ àbámọ̀ ọ́n dá, ẹ ò rí i bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Àmọ́ nígbà tí ife wà lọ́wọ́ gan-an, dígí ò sí ńlẹ̀. Tí mo bá tiẹ̀ rí ṣekárími níbẹ̀, kí ni kí n ṣe? Kí n ju ife sílẹ̀? Ohun tí Búdà sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé kó dáwọ́ dúró bí ohun tó ń ṣe bá máa pa òun tàbí ẹlòmíì lára. Ife fífọ ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní tèmi, kí ọwọ́ padà sí bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ ti tó.

Shinran, mọ́ńkì ilẹ̀ Japan tó gbé ayé láti 1173 sí 1263, kò tiẹ̀ fún ara rẹ̀ ní àǹfààní tó báyìí. Shandao, olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà kan ní Ṣáínà, ti kọ ọ́ ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú rẹ̀ pé kí ènìyàn má ṣe fi ìwà rere hàn lóde kí èké sì wà nínú. Shinran ka ọ̀rọ̀ kan náà, ó yí bí a ṣe ń kà á padà: má ṣe fi ìwà rere hàn lóde, nítorí pé èké ló wà nínú rẹ. Nígbà tó ti lé ní 80 ọdún, ó ṣì ń kọ ọ́ pé ọkàn òun dà bí ejò àti àkekèé, pé rere tí òun ń ṣe pàápàá ní májèlé nínú. Ní àárọ̀ kan bíi tòní, ọ̀rọ̀ bàbá yìí tù mí nínú ju ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí n sáà máa gbìyànjú lọ. (Ní ọjọ́ míì, ó máa ń mú kó rẹ̀ mí.)

Ní ọ̀sán, mo fi ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan tára rẹ̀ ò yá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣí fóònù wò bóyá ó ti kà á. Mo rò pé nítorí àìsàn rẹ̀ ni. Nígbà tó fèsì pé "O ṣé o, o káre," mi ò wo fóònù mọ́. Mi ò sì béèrè bóyá ara rẹ̀ ti ń mókun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ni, bí mo ṣe ń kọ èyí.

Wọ́n máa ń kọ́ wa pé bí a bá tú ènìyàn palẹ̀, a ò ní rí "èmi" kan tó jókòó sínú ilé bí onílé. Mo máa ń gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n tó jìnnà síni. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ife yìí, mo wá ẹni tó fẹ́ kí Màmá rí òun. Ìró ẹsẹ̀ ni mo rí. Mo rí ìrántí ìgbà kan tí wọ́n yìn mí lójú gbogbo ènìyàn, mo rí àyà tó já díẹ̀, mo rí ọwọ́ tó yára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ti èkejì. Mi ò rí ẹlòmíì níbẹ̀ tí mo lè bá wí.

Kò wá túmọ̀ sí pé kí n kórìíra ara mi. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ bú ara rẹ̀, ara rẹ̀ náà ló ṣì ń rò.

Lálẹ́ yìí, mo fọ ife tèmi nìkan. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Omi ń dà, mo ń yí ife lọ́wọ́, mo sì rí i pé mo ti ń to gbólóhùn jọ lọ́kàn, pé bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé, "kò sẹ́ni tó ń wò mí." Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé ife náà kalẹ̀.