Ọ̀sẹ̀ Sárésáré ní Leeds àti ní Ìyìn-Èkìtì

Gbogbo ìwé ètò ìdánrawò tí wọ́n ń tà fún àwa tí a ń ṣe triathlon, ibì kan náà ni wọ́n ń já sí: Sátidé ni kí o gun kẹ̀kẹ́ lọ jìnnà, Sọ́ńdè ni kí o sáré jìnnà, Mọ́ńdè ni kí o sinmi. Ẹni tó kọ ọ́ ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọjọ́ òfìfo ni Sátidé. Kó wá lo Sátidé kan péré ní Èkìtì ná.

Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sówó nínú eré tí mò ń sá, mo sì ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà kẹ̀kẹ́. Fún ẹni tí kò bá mọ eré ọ̀hún: omi ni a ó kọ́kọ́ wẹ̀, a ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, a ó wá fi ẹsẹ̀ sá èyí tó kù, kò sí ìsinmi láàárín. Nínú Òlíńpíìkì, níbi tí eré náà ti wà láti ìgbà ti Sydney lọ́dún 2000, omi jẹ́ kìlómítà 1.5, kẹ̀kẹ́ 40, ẹsẹ̀ 10. Ìwọ̀n yẹn ni èmi náà ń ṣe, mo sì máa ń fi marathon kan kún un lọ́dọọdún, ìyẹn kìlómítà 42.195 tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ nìkan. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún màmá mi, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wọn. Mo gbé kẹ̀kẹ́ dání.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún Leeds ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìlú eléré yìí ni. Agbègbè ibẹ̀ ni Alistair Brownlee àti Jonny àbúrò rẹ̀ ti dàgbà. Alistair gba wúrà Òlíńpíìkì ní London lọ́dún 2012, ó tún gbà á ní Rio lọ́dún 2016. Jonny gba idẹ, lẹ́yìn náà ó gba fàdákà. Adágún Roundhay Park tí wọ́n ti wẹ̀ níbi ìdíje àgbáyé lọ́dún 2016, mo máa ń sáré yí i ká. Odò ìwẹ̀ tó gùn tó mítà 50 wà fún ẹni tó bá sanwó, wọ́n á fi okùn pín in sí ìlà, àwọn tó yára lọ́tọ̀, àwọn tó ń rọra lọ́tọ̀. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, eré ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní parkrun wà ní Woodhouse Moor, kìlómítà 5, ọ̀fẹ́ ni. Paul Sinton-Hewitt ló dá a sílẹ̀ ní Bushy Park ní London lọ́dún 2004, ó sì ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n òkùnkùn ibẹ̀! Lóṣù Disẹ́ńbà, aago mẹ́jọ á ti kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò sì ní tíì lù tí oòrùn á ti wọ̀. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ wákàtí 12 àti ààbọ̀ ní wọ́ọ̀dù kò ní fojú kan oòrùn. Nítorí náà, inú yàrá ni mo ti máa ń gun kẹ̀kẹ́. Mo dè é mọ́ irin, mo kọjú sí ògiri, mò ń wa ẹsẹ̀ lójú kan náà, àwọn ìbejì mi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́yìn mi. Bí mo bá bọ́ síta tí èmi àti sárésáré mìíràn pàdé, a ó mi orí díẹ̀ síra wa, ó parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń gba àwọn òpópó kan náà, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ibo lò ń sáré lọ. Mo gbà pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí. Kò ní kí n má máa ronú pé bí mo bá ṣubú síbẹ̀, ó máa pẹ́ kẹ́nìkan tó mọ orúkọ mi.

Ní Ìyìn, mi ò lè jáde kí n má jíhìn. "Ṣé kò sí o?" "Ìyá Ìbejì, ta ló ń lé ọ?" Ọlọ́kadà kan dẹwọ́ eré, ó ń rọra bá mi lọ: "Mọ́mì, ẹ gùn ún, ẹ má sanwó." Mo ní mo dúpẹ́, eré ìdárayá ni mò ń ṣe. Ó wo bàtà mi, ó wo òógùn mi, ó ní, "Kí ni wọ́n ṣe fún yín ní Ìlú Ọba?" Ìkúnlẹ̀ wá tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò lè sáré kọjá lójú àgbà láìkí wọn, bí aago tilẹ̀ ń kà lọ́wọ́ rẹ̀. Mò ń sá lọ, mò ń kúnlẹ̀, mò ń dìde. Àwọn ìyá tó ń dín àkàrà fún àwọn ọmọ iléèwé kò mọ̀ pé iṣẹ́ itan ni wọ́n ń fún mi ṣe. Mo tún wọ síkẹ́ẹ̀tì lé ṣòkòtò alámọ́ra mi, nítorí màmá mi sọ fún mi wọ́ọ́rọ́ pé àwọn kò fẹ́ kí àwọn ará ìjọ wá máa bi àwọn léèrè ọ̀rọ̀.

Bí mo bá fẹ́ sá eré ìyára tí ẹnikẹ́ni kò ní dá mi dúró, Adó ni mò ń lọ, sí pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé. Orúkọ sárésáré tó wà lára àwọn tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré 4 × 100 mítà ní Barcelona lọ́dún 1992 ni wọ́n fi pè é.

Ooru ni mo bẹ̀rù jù kí n tó lọ, ó sì yẹ ní bíbẹ̀rù lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, eré tí mo máa ń rọra sá ní Leeds ń mú kí ọkàn mi lù kìkì bí ẹni tó ń du ipò kìíní. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bọ́ iṣan ẹsẹ̀ ni ara ń pín sí awọ kí ooru lè ráyè jáde, ọkàn sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́ kí méjèèjì lè kárí. Bí ọjọ́ 10 sí 14 bá ti kọjá, ara á mọ ọgbọ́n rẹ̀: omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, òógùn á máa tètè yọ, iyọ̀ inú òógùn náà á dínkù. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ìdájí ni mò ń jáde, bí ọyẹ́ bá mú tán, tí eruku kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Omi mímu kò sì fi ìgbà kan jẹ́ ìṣòro. Níbi ìdíje marathon, àwọn tó ń pín omi lè jìnnà síra tó kìlómítà 5. Ní ojú ọ̀nà Ìyìn sí Ìgèdè, kí o tó gbàgbé ẹni tó ta píọ̀ wọ́tà fún ọ, o ti rí ẹlòmíràn. O ya igun rẹ̀ pẹ̀lú eyín, o fa ìdajì, o da ìdajì sórí.

Orí òkè ni kẹ̀kẹ́ ti dùn jù. Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọ̀kọ, Erìjìyàn, títí dé Ìkógòsì: ọ̀nà yẹn ń gòkè, ó ń sọ̀, igbó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Kò sí ìlà tí wọ́n kùn fún ẹlẹ́ṣin irin bíi ti Leeds. Bí tírélà bá fọn fèrè lẹ́yìn, mo máa ń bọ́ sínú koríko, mi ò ń bá a du ọ̀nà. Táyà mi jò nítòsí Àrámọ̀kọ, fọ́kanáísà sì rí i pé ẹnu rọ́bà kẹ̀kẹ́ mi tín-ín-rín ju ti ọ̀kadà lọ, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá a mu. Ọpẹ́lọpẹ́ ìdérí idẹ kékeré kan tí mo kó sápò láti Leeds, tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin náà kọ̀, kò gbowó, ó ní òun ti kọ́ nǹkan tuntun.

Ní Ìkógòsì, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, inú odò ìwẹ̀ tí wọ́n ń da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ni mo ti wẹ̀. Ó dára fún iṣan tó ti rẹ̀, kò dára fún ẹni tó fẹ́ fi agbára wẹ̀, nítorí ara kò rí ibi da ooru rẹ̀ sí. Ní Bírítéènì, òdìkejì ni a ń bá fà á: bí omi ìdíje bá tutù ju ìwọ̀n Celsius 14 lọ, dandan ni kí a wọ aṣọ rọ́bà, bó bá gbóná ju 22 lọ, wọ́n á ní kí a bọ́ ọ. Mi ò tíì rí ọdún tí mo bọ́ ọ. Ní Adó, odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni mo ń lò lọ́pọ̀ ìgbà, ó kúrú débi pé yíyípo pọ̀ ju wíwẹ̀ lọ.

Ti oúnjẹ, kò yẹ ní fífà gùn. Iyán alẹ́ àná gbé mi gun òkè ju gbogbo oje aládùn inú ọ̀rá tí mo rà lọ.

Ó ku Sátidé. Láti alẹ́ Fúráìdè ni àìsùn òkú ti ń bẹ̀rẹ̀, gbohùngbohùn á sì máa ké títí ìdájí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n ti na kánópì dí òpópó, aṣọ ẹbí ti wà lórí ìbùsùn mi, màmá mi ti wọ gèlè. "Ṣé kí wọ́n ní ọmọ mi ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin àgbà àdúgbò?" Sọ́ńdè wá jẹ́ ti ilé ìjọsìn, ọ̀sán sì ti pọ́n kí a tó jáde. Ètò inú ìwé ti dàrú pátápátá.

Ọjà ló tún un ṣe. Ọjà tó wà nítòsí wa, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Lọ́jọ́ náà, mọ́tò akóṣu, ọ̀kadà àti ẹlẹ́rù kún ojú ọ̀nà, kò ṣeé gùn, kò ṣeé sá, nítorí náà mo sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi. Eré jíjìn, mo fi sí ìsán, ìyẹn ọjọ́ kẹsàn-án bí a bá ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kí n máa sá a lẹ́ẹ̀kan nínú ọjà méjì. Ara mi gbà á. Mo ti lé lógójì, ẹsẹ̀ kì í yá mọ́ láàárín ọjọ́ méje bó ṣe ń yá tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ni máa ń na ètò àwọn àgbà eléré kọjá ọ̀sẹ̀, nítorí iṣan kò mọ Mọ́ńdè yàtọ̀ sí Túsìdeè. Àwọn baba wa kò sáré marathon, ṣùgbọ́n òǹkà ọjọ́ wọn bá orúnkún mi mu ju kàlẹ́ńdà lọ.

Nígbà tí mo padà sí Leeds, mo wo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù: Sátidé mi kan wà lẹ́nu iṣẹ́, ìkejì wà lójú oorun lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Kí ni mo wá ń fi Sátidé ṣe látọjọ́ yìí? Ìsán náà ni mo ń lò báyìí, mo kọ ọ́ mọ́ ara fíríìjì, àwọn ìbejì sì ń bi mí pé ọjà wo la ń ná. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ wa máa ń pàdé láàárọ̀ Sọ́ńdè, eré jíjìn mi kì í sì í bá Sọ́ńdè wọn pàdé mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ni mo máa ń sá a lọ́jọ́ yòókù, láàárín àwọn tó ń mi orí.