Bí Mo Ṣe So Iṣẹ́ Mọ́ Ìrun: Àyẹ̀wò Ọdún 2025

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Gáà-Àkànbí, nílùú Ìlọrin, ìdí iṣẹ́ yìí náà ni mo sì ti fẹ́ yẹ ọdún 2025 wò. Ìtúnu Àwẹ̀ bọ́ sí òpin oṣù Kẹta, Iléyá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ìgbéyàwó sì gba ìparí ọdún kan. Síbẹ̀, n kò rántí ọdún tí ọkàn mi balẹ̀ sídìí iṣẹ́ tó báyìí. Agbára mi kò lé sí i, n kò sì fi òru pa kún ọ̀sán. Ohun tó yàtọ̀ ni pé mo wá àyè fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́, mo sì so ó mọ́ ohun tí kì í yẹ̀.

Ní Ìlọrin tiwa, ohun tí kì í yẹ̀ ni ìrun. Bátìrì fóònù lè tán, aago ara ògiri lè kú, ṣùgbọ́n ladaani á pe Àsùbáà ní kùtùkùtù, á sì pe Àílà lọ́sàn-án. Bí mo bá ti kí Àsùbáà tán, aṣọ gígé ló kàn. Bí àwọn ọmọṣẹ́ bá dé, ó di ìdí maṣíìnì títí di Àílà. Lẹ́yìn Àílà, mo máa ń gbé fóònù, mo sì máa ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Lẹ́yìn Àlàásárì, ọmọṣẹ́ ni mo ń kọ́: a ó tú èyí tí kò gún, a ó tún un rán. Kí wọ́n tó pe Mọ̀gàríbì, a ti gbálẹ̀, a ti ka aṣọ.

Gígé ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí iṣẹ́ wa wà. Ojú ìrán tó bá wọ́, a lè tú u. Aṣọ tí sísọ́ọ̀sì bá ti là, ó ti là náà nìyẹn, pàápàá bó bá jẹ́ aṣọ òkè tí ẹnìkan fi oṣù mélòó kan kówó jọ rà. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń wà nínú báàgì ní yàrá inú, ní pípa, bí mo bá tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Àbúrò mi tó fẹ́ràn ìwé kíkà ló sọ fún mi nípa Sophie Leroy, olùwádìí kan tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Ohun tó rí ni pé bí ènìyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kò sì ní dára tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ti ń ka ìwọ̀n èjìká lọ́wọ́ tí ìpè sì wọlé mọ ohun tí mo ń sọ.

Ó gba sùúrù kí àwọn oníbàárà tó gbà. Àlàájà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi pè títí, n kò gbé e. Nígbà tó yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Àlàájà. Aṣọ yín gan-an ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ẹ pè. N kò fẹ́ kí n máa bá yín sọ̀rọ̀ kí n sì máa gé e." Ó wo aṣọ náà lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, lẹ́yìn Àílà ló ń pè.

Iná ọba kò ní aago, ṣùgbọ́n òun náà ní àyè tiẹ̀ lọ́dọ̀ wa: bí iná bá dé, aṣọ lílọ̀ ni. Kò sí ìjíròrò. Ọmọṣẹ́ tí ó kàn á dìde, á ki áyọ́ọ̀nù bọná, àwa yòókù kò ní gbójú sókè. Òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti gúm̀sítíìfù, Ọjọ́bọ̀ nìkan la ń lọ rà á ní Ọjà Ọba.

Ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì mi. Bí nǹkan bá sọ sí mi lọ́kàn, bí i owó tí mo jẹ tàbí ẹni tí mo fẹ́ kí kú ọmọ tuntun, mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ìgbà tí n ó ṣe é, n ó sì padà sídìí ohun tí mo ń rán. Kíkọ ìgbà yẹn ṣe pàtàkì ju kíkọ orúkọ nǹkan náà lọ. Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí méjì, Masicampo àti Baumeister, fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí kò tíì yanjú kì í yọ ènìyàn lẹ́nu mọ́ bó bá ti ṣètò pàtó fún un, kódà kó tó ṣe é. Èmi rí i bẹ́ẹ̀ lára mi. Orí mi fúyẹ́.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn ọgbọ́n Francesco Cirillo, ará Ítálì, tó ní kí a ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25 kí a fi 5 sinmi. Ó dára fún ẹni tó ń kàwé. Aránṣọ kò lè fi ọrùn agbádá sílẹ̀ lágbede méjì torí aago dún. Ibi tí ojú ìrán bá parí sí ni ìsinmi tèmi.

Oṣù Ààwẹ̀ ló dán ètò yìí wò jù. Sààrì yí òwúrọ̀ padà, asaamù yí ọ̀sán padà, àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò gé aṣọ rárá lẹ́yìn Àsùbáà. N kò bọ́hùn. Phillippa Lally àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2010, ènìyàn 96 ló kópa nínú rẹ̀. Oníkálukú mú ohun kan ṣoṣo, ó so ó mọ́ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ṣírò pé ó gba àwọn kan ní ọjọ́ 18 kó tó mọ́ wọn lára, ó lè gba ẹlòmíràn tó 254; àárín rẹ̀ jẹ́ 66. Wọ́n sì rí i pé ọjọ́ kan tí ènìyàn bá fò kò ba nǹkan jẹ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ti sọ pé "kò mọ́ mi lára" lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́ èyí. Ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Lọ́dún 2026, Ààwẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àárín oṣù Kejì. Mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà pé òpin oṣù Kìíní ni n ó gba aṣọ ọdún kẹ́yìn, Àlàájà sì ti kó tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ wá.