Àyẹ̀wò ọdún: mo fò lẹ́ẹ̀kan, ìyókù di ìṣirò

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, mo to oṣù méjèèjìlá lẹ́sẹẹsẹ fún yín: ti iṣẹ́, ti ọmọ, ti ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Tọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kìíní di oṣù kẹta, mo lọ síbi iṣẹ́, mo bọ̀, mo sùn. Bí nǹkan mìíràn bá ṣẹlẹ̀, n kò rántí. Ohun kan ṣoṣo ló gba ọdún mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ bàálù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá ìbejì tó ti lé ní ogójì ọdún, tí òòyì ń kọ́ tó bá gun àkàbà láti pààrọ̀ gílóòbù, ló ní òun fẹ́ gba láísẹ́ǹsì awakọ̀ òfuurufú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ o. Láísẹ́ǹsì aládàáni ni, èyí tí òfin kò gbà kéèyàn fi gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa sanwó fún òun gbọ́dọ̀ wá láísẹ́ǹsì oníṣòwò lọ, wákàtí tí wọ́n ń bèèrè níbẹ̀ sì jẹ́ 200, tàbí 150 bó bá gba ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí kọjá. Tèmi kò dé ibẹ̀ yẹn. Àǹtí mi àgbà bi mí pé, "Ṣé ó máa mówó wọlé fún ẹ?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ṣé ó máa gbé ẹ dé ibi iṣẹ́?" Mo ní rárá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n lọ bu omi wá fún àwọn.

Bàbá Ìbejì ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Ní oṣù kẹrin, ó san owó kí n fi fò dánwò lẹ́ẹ̀kan, kí n lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́, kí n fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀, kí n padà wálé. Mo mọ èrò ọkàn rẹ̀. Ó rò pé bí mo bá dé òkè, ẹ̀rù á bà mí, a ó sì rí oorun sùn nínú ilé. Cessna 172 ni wọ́n gbé fún mi, bàálù oníjókòó mẹ́rin tí apá rẹ̀ wà lókè orí. Láti 1956 ni wọ́n ti ń tà á, ó sì ti lé ní 44,000 tí wọ́n ti ṣe. Kò sí irú bàálù mìíràn tí wọ́n ṣe pọ̀ tó o. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé mo pa á dé lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbà á gbọ́. Olùkọ́ mi jẹ́ ọmọkùnrin kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí. "Ẹ má fún un lọ́rùn, mà," ló ń sọ fún mi nípa ìtọ́kọ̀. "Ìka méjì ti tó." Nígbà tí ilẹ̀ já kúrò lábẹ́ táyà, mo pariwo. Ayọ̀ ni o, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò mọ̀. Wéré ló gba ìtọ́kọ̀ padà.

Lórí pátákó iwájú mi, mítà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Hobbs. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kà. Ìdá mẹ́wàá wákàtí ló fi ń kà á: ìṣẹ́jú mẹ́fà, nọ́ḿbà kan yí. Orí nọ́ḿbà yẹn ni wọ́n ti ń gbowó. Ẹ dúró nílẹ̀ kí bàálù mìíràn lè kọjá, ó ń kà. Ẹ ń wá ibi tí ẹ ti máa bọ́ sọ́nà, ó ń kà. Ẹ ń wo bí odò ṣe rí láti òkè, tí omi ń bọ́ lójú yín, ó ń kà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903, Orville Wright fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ayé sì yí padà. Mítà yìí kì bá tí mira rárá.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Ìbejì wo ojú mi, ó wá ibì kan jókòó. Ó ní, "Ó parí."

Bí mo ṣe gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Àwa méjèèjì jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn. Wákàtí 40 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò wọn. Òun náà ni ìlànà ICAO, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfuurufú lágbàáyé, fi sílẹ̀ fún láísẹ́ǹsì aládàáni; ó lè jẹ́ 35 bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lèèyàn ti kọ́ ọ. Nínú rẹ̀, wákàtí 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ dá fò, láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò kan tó tó kìlómítà 270, kó balẹ̀ sí pápákọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó kéré jù lọ nìyẹn. Gbogbo awakọ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ ló rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dárúkọ 40. Wọ́n ní kí n fi ojú sí 60 sí 70, pàápàá èmi tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè àfi ní òpin ọ̀sẹ̀, tí òjò sì lè gba òpin ọ̀sẹ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ mi. Bàbá Ìbejì fi bírò fa ìlà sórí iye tó wà níbẹ̀, ó fi ìdajì rẹ̀ kún un. Ó tún fi owó dókítà kún un, owó ìdánwò, owó ìbalẹ̀ ní pápákọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ojú mi ń ṣú.

Ó wá béèrè ohun tó jẹ gbogbo ọdún tó kù. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bí owó bá tán ní wákàtí 20 ńkọ́?"

N kò rí nǹkan sọ. Ẹni tó ń kọ́lé tówó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ á dúró dè é. Wákàtí 20 kì í dúró de èèyàn. Wọ́n á wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́fà bá gorí ẹ̀, ọwọ́ á ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń balẹ̀, olùkọ́ á sì mú un padà sẹ́yìn, mítà á tún máa kà. Kò sí ìdajì láísẹ́ǹsì. Kódà ẹni tó bá ti gba odindi kò tíì bọ́: níbi púpọ̀, kó tó lè gbé èrò, ó gbọ́dọ̀ ti gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ti ń fi ọkàn sí owó tí màá san tán. Owó tí wọ́n ń san lọ ni.

Owó tí mo ti ń tò jọ láti ìgbà tí àwọn ìbejì ṣì ń rá lé díẹ̀ ní ìdajì ohun tó wà lórí bébà Bàbá Ìbejì. Báńkì ní àwọn á yá mi ní ìyókù. Wọ́n yára gan-an ni. Fọ́ọ̀mù dé, mo kọ gbogbo rẹ̀, ó ku ìbuwọ́lù.

Ibẹ̀ ni Bàámi ti dá sí i. Ẹ mọ Bàámi: ẹni tí kò wọ bàálù rí láyé, tó ní ohun tí kò bá lè páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bó bá bàjẹ́, òun ò ní bá a lọ. Wọ́n ní kí n mú ìwé àdéhùn ilé ẹ̀kọ́ náà wá. Akọ̀wé owó kì í fẹ̀yìn tì tán. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n mú bírò pupa, wọ́n sì ka gbogbo lẹ́tà tín-tìn-tín tí èmi fò kọjá. Níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ san gbogbo owó ṣáájú, wọ́n fa ìlà. Níbi tí wọ́n ti ní owó tó bá ti wọlé kì í jáde, ìlà méjì, pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn pa ńkọ́?" Níbi tí wọ́n ti ní iye lè yí bí owó epo bá yí, wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Mo ní irú bàálù yẹn ń mu bíi lítà 30 ní wákàtí kan, epo ọ̀tọ̀ ni, aláwọ̀ búlúù, tí òjé ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Òjé!" wọ́n sì tún fa ìlà mìíràn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fún ìwé àdéhùn ní máàkì: 4 nínú 10. Mo ní, "Èmi ńkọ́, Bàámi?" Wọ́n ní àwọn ò tíì fún mi ní tèmi, àwọn ṣì ń wò mí.

Oṣù kẹjọ, ẹ ti mọ̀. Ẹ pè, ẹ wá, ẹ dúró tì wá. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ gidi. N kò ní tún un kọ níbí. Owó jáde, ó sì jẹ́ owó kan ṣoṣo tí n kò ṣírò lọ́dún yìí.

Bírò pupa náà wà lọ́dọ̀ mi, ó ṣì ń kọ. Mo fi ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́jọ́ kan ni Kẹ́hìndé ní, "Mọ́mì, ti Bàbá Àgbà nìyẹn, ẹ dá a padà fún wọn." Mo ní màá dá a padà. Ṣé ẹ wá mọ iye tí wọ́n ń ta ohun tí awakọ̀ ń fi bo etí? Ẹ má bèèrè. Mo rí ọ̀kan, mo rò pé bàálù wà nínú páálí rẹ̀.

Ní àwọn òru tí oorun kọ̀ láti wá, ìtàn Bessie Coleman ni mo ń kà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti fi í gba ọmọdé níyànjú: ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú láti Texas, tó ń tún èékánná ṣe ní Chicago, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kọ̀, tó kọ́ èdè Faransé, tó wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, tó sì gba láísẹ́ǹsì ní oṣù Kẹfà 1921. Gbogbo rẹ̀ jóòótọ́. Èmi owó ni mò ń wò nínú rẹ̀, ẹ dárí jì mí. Lẹ́yìn láísẹ́ǹsì, kò ní bàálù. Ní 1923 ó ra ọ̀kan, àlòkù àwọn ológun; kò pẹ́ tó fi já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ó ń fò fún òǹwòran, ó ń sọ̀rọ̀ káàkiri, kó lè rówó dá ilé ẹ̀kọ́ ìfòfuurufú sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1926, ẹni ọdún 34, ilé ẹ̀kọ́ náà kò tíì sí. William Powell ló wá dá ẹgbẹ́ ìfòfuurufú tó ń jẹ́ orúkọ Bessie sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1929. Obìnrin yẹn ní ìgboyà tí n kò ní, síbẹ̀ láísẹ́ǹsì kò gbà á lọ́wọ́ ìṣirò.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ẹ mọ̀ pé kì í pa ẹnu mọ́, ní kí n buwọ́ lùwé báńkì jàre, ayé kúrú. Mo mọ̀ pé ó kúrú. Mo wà níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Gbèsè ló gùn. Mo ya fọ́ọ̀mù náà ní oṣù kẹwàá. Lọ́jọ́ kan màá pe ohun tí mo ṣe ní ọgbọ́n, lọ́jọ́ kejì màá pè é ní ojo, ó sinmi lórí bí mo ṣe sùn sí.

N kò jókòó lásán ṣá. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé kéèyàn lọ rí dókítà kó tó náwó kankan, torí bí ara bá kọ̀, owó á ti lọ. Mo lọ. Ó ṣí ìwé alámì tótòtó síwájú mi, ti Ishihara, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn lè yà pupa sọ́tọ̀ kúrò lára ewé. Mo ń ka nọ́ḿbà rẹ̀ sókè bí ọmọ iléèwé. Mo yege. Mo sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ inú ìwé nílé, torí mítà kì í kà lórí tábìlì ìjẹun: òfin òfuurufú, ojú ọjọ́, bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà lórí máàpù. Táyé ló ń bi mí ní ìbéèrè, ó sì le ju olùkọ́ lọ.

Owó ti wà ní àkáǹtì ọ̀tọ̀. Àdéhùn tèmi pẹ̀lú Bàbá Ìbejì ni pé n kò ní bẹ̀rẹ̀ títí tí owó wákàtí 70 á fi pé lọ́wọ́, ibi tí wọ́n bá sì ti gbà kí n máa sanwó ẹ̀kọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ ni màá lọ. Bí ìṣirò wa bá tọ̀nà, ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó ń bọ̀. Ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ; àwọn ìbejì ń dàgbà, bàtà wọn kì í pé ọdún. Màámi ní kí n má dààmú, bí mo bá di ẹni àádọ́ta ọdún kí n tó gbà á, wọ́n á ṣì rí mi látilẹ̀. Wọ́n ò ní wọ̀ ọ́ o. Wọ́n á dúró nílẹ̀, wọ́n á máa juwọ́.

Ìdánwò ojú ọjọ́ ń bọ̀ ní oṣù kejì. Bí ẹnìkan bá wà nínú yín tó lè jẹ́ kí n mọ àwọsánmà kan yàtọ̀ sí èkejì, kó jọ̀wọ́ wá mi kàn. Lójú tèmi, gbogbo wọn funfun.