Ẹja Lára Ògiri ní Chicago

Ẹja ni mo kọ́kọ́ rí. Mo dúró sí oríta Dearborn àti Van Buren ní àárín ìgboro Chicago, ọkọ̀ ojú irin ń rọ́ gìrìgìrì kọjá lórí afárá, òtútù oṣù kẹwàá ń jẹ mí létí, èmi sì ń wo ẹja lára ilé alájà 18. Akàn wà níbẹ̀, ìkarahun wà níbẹ̀, ẹyẹ idì náà ò gbẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ, òtútù yìí pọ̀ o.”

Mo ní kí àbúrò mi ṣe sùúrù. Lucius Fisher, oníṣòwò bébà, ló ni ilé náà, “apẹja” sì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọ́físì Daniel Burnham, ayàwòrán ilé, kọ́ ọ tán ní 1896, wọ́n ti fi orúkọ baba onílé ṣe yẹ̀yẹ́ sára ògiri. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ọdún méje ló ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò gbójú sókè rí.

Òkúta ni mo kọ́kọ́ pe àwọn ẹja náà. Irọ́ ni, amọ̀ tí wọ́n sun ni, terra cotta. Oníṣẹ́ ọnà á mọ ọ̀kan, wọ́n á fi ṣe mọ́ọ̀dù, wọ́n á wá máa tẹ amọ̀ tútù sínú mọ́ọ̀dù náà. Amọ̀ máa ń súnkì bó bá ń gbẹ àti bó bá wọná, ẹnikẹ́ni tó bá bá amọ̀kòkò gbé mọ èyí, nítorí náà mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tóbi ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí lọ. Inú amọ̀ náà ṣófo, kò wúwo tó òkúta, irin ni wọ́n sì fi ń so ó kọ́ ara ilé. Bí omi bá ráyè dé ara irin yẹn, ìpẹtà á wú, amọ̀ á sán.

Iná ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn tí iná jó ìlú náà ní 1871, wọ́n rí i pé irin ìhòòhò kò lè dúró níwájú iná. Amọ̀ ti jóná tẹ́lẹ̀, kí ni iná tún fẹ́ fi í ṣe?

Ilé Monadnock ló wà ní òdìkejì títì, bíríkì gbọlọjọ, ìsàlẹ̀ ògiri apá àríwá rẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Èmi ò rí nǹkan kan wò lára rẹ̀, ẹ má bínú.

A gba State Street lọ síbi ilé Reliance, tí wọ́n kọ́ tán ní 1895. Èyí funfun, ó ń dán bí àwo tánganran. Èrò wọn ni pé òjò ni yóò máa fọ̀ ọ́. Òjò wo? Èéfín èédú bò ó mọ́lẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n tún un ṣe láàárín 1990 sí 1999. Ilé Wrigley, oníṣíngọ́ọ̀mù, létí odò, ló wá pa mí lẹ́nu mọ́: oríṣi funfun mẹ́fà ni wọ́n lò, ó ń mọ́ sí i bó ṣe ń lọ sókè. Iná tí wọ́n tàn sí i lálẹ́ mú kó dà bíi pé orí rẹ̀ kò ní òpin.

Nígbà tí a padà dé Van Buren, mo rántí nǹkan kan. Àwọn tó ń tọ́jú irú ilé báyìí máa ń kan amọ̀ náà láti gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ìyá mi ṣe máa ń kan ìkòkò lọ́jà kó tó sanwó. Mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé Fisher, mo fi oríkèé ìka kàn án. Ó dún ketekete. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ń wò mí látinú gíláàsì. Àbúrò mi ti dé orí àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin.