Ọdún tí mo fi èèpo edé ṣe ọ̀dà

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdọọdún ni mo máa ń sọ pé màá kọ àyẹ̀wò ọdún, mi ò kì í kọ ọ́ parí, ṣùgbọ́n tọdún yìí, ohun tójú mi rí nínú láàbù ní Àkúrẹ́ ńbí ti pọ̀ jù, mi ò sì fẹ́ gbàgbé ìkankan nínú ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, kẹ́mísìrì ni mò ń kà, PhD ni mo wà báyìí. Màmá mi máa ń sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé kẹ́míìsì ni mí, wọ́n á wá máa bi mí pé oògùn wo ló dáa fún ẹ̀yìn ríro. Oògùn kọ́ lèmi ń ṣe o. Ọ̀dà ni mò ń wá, èyí téèyàn lè fi kun irin bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ọwọ́ ilẹ̀kùn, àti rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ aláìsàn lára kó lè tọ̀, tó fi jẹ́ pé kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn tó bá bà lé e, ibẹ̀ náà ló máa kú sí.

Àbúrò mi obìnrin ló jẹ́ kọ́rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó bímọ nínú oṣù kẹta, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọmọ dá ṣáṣá, a dúpẹ́. Ọjọ́ karùn-ún ni ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ibi tí wọ́n rán. Antibáyótíìkì àkọ́kọ́ ò ṣe nǹkan kan, ìkejì náà ò ṣe é, àfìgbà tí wọ́n kan ìkẹta kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Èmi ni mo ń sùn tì í, mo sì ń wo irin bẹ́ẹ̀dì yẹn lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì á dì í mú, èmi á dì í mú, ẹni tó gbé ọbẹ̀ wá á dì í mú, ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì á fara tì í. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni kòkòrò ti wá o, mi ò lẹ́rìí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, irin yẹn ni mo máa ń rí tí mo bá wọ láàbù.

Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré jàre. Fleming tó rí pẹnisílíìnì lọ́dún 1928, nígbà tó lọ gba Nobel lọ́dún 1945 ló ti kìlọ̀ pé tẹ́nìkan bá lo oògùn náà ní ìlò tí ò tó, kòkòrò á kọ́ bó ṣe máa fara dà á. Àwa sì nìyí, à ń ra kápúsù méjì méjì. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ni kòkòrò tápá oògùn ò ká mọ́ pa lágbàáyé lọ́dún 2019 nìkan.

Ọ̀nà míì ni ọ̀dà temi ń gbà ní tiẹ̀. Awọ ara bakitéríà, ìyẹn àwọn kòkòrò yẹn, ní agbára iná odì (negative), pólímà tí mò ń lò, ìyẹn èròjà tó gùn bí ẹ̀wọ̀n, ní agbára iná kejì (positive), wọ́n á fa ara wọn mọ́ra, awọ yẹn á ya, ohun tó wà nínú kòkòrò á sì dà síta. Lọ́dún 2001, Joerg Tiller àti Alexander Klibanov pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà so irú pólímà bẹ́ẹ̀ mọ́ gíláàsì, bakitéríà tí wọ́n fọ́n sí i lára sì kú. Owó tiwọn ò sí lọ́wọ́ mi, ni mo bá gba Ìlàjẹ lọ, torí inú èèpo edé àti akàn lèèyàn ti lè rí chitosan, tóun náà jẹ́ pólímà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí Igbókọ̀dá lọ kó èèpo. Ìyá ẹlẹ́dé tí mo bá níbẹ̀ ní, "Ọmọ mi, ṣé adìẹ lo fẹ́ fi fún ni?" Mo ní, "Rárá mà, ọ̀dà ni mo fẹ́ fi ṣe, èyí tí wọ́n á fi kun bẹ́ẹ̀dì ọsibítù." Ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló dákẹ́, ó ní kí n má wulẹ̀ sanwó mọ́, pé òun náà ti sùn ti ọmọ ní wọ́ọ̀dù rí.

Èèpo yẹn, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú ásíìdì tó ń hó gùdùgùdù, mo wá fi kọ́sítíìkì sódà tó le sè é, irú èyí táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. Òórùn ẹ̀ ò kúrò lára aṣọ mi fún odidi ọ̀sẹ̀. Ohun tó kù nísàlẹ̀ jọ gààrí Ìjẹ̀bú tó kúnná, mo sì jókòó tì í, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Wàhálà wá kù. Chitosan lásán, inú omi tó bá kan nìkan ló ti ń lágbára, omi lásán á pa agbára yẹn. A so èròjà kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní amóníọ̀m mọ́ ọn kí agbára yẹn má bàa kúrò lára ẹ̀ mọ́, kò kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wá ń yòrò sínú omi bí iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ àràárọ̀ ni wọ́n ń nu wọ́ọ̀dù!

Kí n tó rí èyí gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iná ba tẹ́ẹ̀sì mi jẹ́. Wákàtí 24 ni awẹ́ irin tí mo fi ọ̀dà kùn, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, tí mo sì da kòkòrò sí lórí, gbọ́dọ̀ wà ní 35°C, iná á sì lọ lóru. Ọ̀gá tó ń bójú tó láàbù wa ló gbé ínfátà ilé ara ẹ̀ wá fún mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Oṣù kẹjọ ló bọ́ sí i. Mo ṣí àwo tí ò ní ọ̀dà, bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Staph aureus kún un fọ́fọ́, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni da ọkà bàbà sílẹ̀. Mo ṣí ti ọlọ́dà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mọ́kànlá péré. Mo sáré lọ pe Prof, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Lọ fọ̀ ọ́, kóo tún un ṣe." Mo fi omi ọṣẹ nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àwo kejì, kò yàtọ̀ sí ti aláìlọ́dà. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ jókòó sí South Gate, ẹnu géètì yunifásítì wa, tí mi ò lè jẹ bọ̀ọ̀lì tí mo rà.

Àtìgbà yẹn, bó ṣe máa dúró síbẹ̀ ni mò ń lé kiri. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́, citric acid, la wá fi ń dè é mọ́ra, ká sì yan án nínú ààrò. Tó bá kéré, omi á gbé e lọ. Tó bá pọ̀ jù, ó dúró gbọin-gbọin, ṣùgbọ́n ó ń sán, agbára tó fi ń pa kòkòrò náà á sì wálẹ̀. E. coli, bakitéríà míì tó wọ awọ méjì, tún le ju Staph lọ. Òkú kòkòrò fúnra ẹ̀ sì lè bo ọ̀dà mọ́lẹ̀, torí náà ẹ má sọ pé mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ mọ́ o, ẹ fọwọ́ yín.

Ìwé tí mo kọ ránṣẹ́, wọ́n dá a padà, mo tún un kọ, mo sì tún fi ránṣẹ́. Ọmọ àbúrò mi ti ń rá báyìí.

Awẹ́ irin mẹ́fà wà nínú omi ọṣẹ nínú láàbù bí mo ṣe ń kọ èyí, mo kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n citric acid sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kejì oṣù kìíní ni màá yọ wọ́n, màá sì kó wọn lọ síwájú kòkòrò.