Níbo Ni Owó Náà Wà Lónìí?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sídìí iṣẹ́ àmójútó òfin ní àwọn ilé-iṣẹ́ kírípítò, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa bèèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí stablecoin kankan, ìyẹn kọ́ìnì kírípítò tí wọ́n ṣe kí iye rẹ̀ má yàtọ̀ sí ti owó gidi bíi dọ́là: owó tí wọ́n ní ó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbo ló wà lónìí, ta ló sì lè lọ gbà á?

Stablecoin tí owó tì lẹ́yìn kò yàtọ̀ sí káàdì alájọ. Ẹ kó dọ́là kan fún ilé-iṣẹ́, wọ́n fún yín ní kọ́ìnì kan, ẹ sì gbà pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá a padà, dọ́là yín yóò jáde. Káàdì kọ́ lowó. Ohun tó wà lọ́wọ́ alájọ lowó.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Tether, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe stablecoin USDT. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn oníṣirò owó fẹ́ yẹ ohun tó ní nípamọ́ wò. Ìwádìí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York fi hàn pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣí àkáǹtì náà ní báńkì, tí Bitfinex, ọjà kírípítò tó jẹ́ ọmọ ìyá Tether, sì san owó tó lé ní mílíọ̀nù 380 dọ́là sínú rẹ̀. Ìwé ìjẹ́rìí jáde, owó pé. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn méjèèjì san mílíọ̀nù 18.5 dọ́là láti fi parí ọ̀rọ̀ náà, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, àjọ CFTC ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 41 dọ́là lé Tether: nínú oṣù 26 tí wọ́n yẹ̀ wò láàárín 2016 sí 2018, ìdá 27.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọjọ́ náà péré ni owó tó wà ní àkáǹtì fi tó iye kọ́ìnì tó wà níta. Látìgbà tí mo ti ka ìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé ìjẹ́rìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo iye owó.

Ṣùgbọ́n ti USDC, stablecoin ilé-iṣẹ́ Circle, ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù, torí pé níbẹ̀, owó pé ní tòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2023, nǹkan bíi bílíọ̀nù 40 dọ́là wà nípamọ́ lọ́dọ̀ Circle. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ìwé gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà tí kì í pẹ́ tó ọjọ́ sísan, ìyókù wà ní àwọn báńkì. Silicon Valley Bank wà lára wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10, ìjọba California ti báńkì yẹn pa. Lóru ọjọ́ náà ni Circle kéde pé bílíọ̀nù 3.3 dọ́là òun há síbẹ̀. Àwọn báńkì ní Amẹ́ríkà kì í ṣí ní òpin ọ̀sẹ̀, ọjà kírípítò kì í sì í tì. Coinbase, ọjà kírípítò ńlá kan, ní òun ò ní pààrọ̀ USDC sí dọ́là mọ́ títí di ọjọ́ Ajé. Kọ́ìnì tó yẹ kó jẹ́ dọ́là kan já wálẹ̀ sí nǹkan bíi sẹ́ǹtì 87.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní gbogbo bílíọ̀nù 3.3 yẹn tiẹ̀ ṣègbé, ohun tó kù lẹ́yìn kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan ṣì lé ní sẹ́ǹtì 91. Kí ló wá já a dé 87? Àìríbi gbowó ni. Lọ́jọ́ Àìkú, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé gbogbo ẹni tó fowó pa mọ́ sí báńkì náà yóò rí i gbà pátápátá, kọ́ìnì náà sì gòkè padà.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ẹ̀tọ́ ìgbowó padà sí ju ìwé ìjẹ́rìí lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní àkáǹtì lọ́dọ̀ Circle ló lè gba dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà. Èèyàn lásán, ọjà ni yóò ti tà á, ní iye tí ọjà bá dá. Òfin MiCA ti Yúróòpù, tí apá tó kan stablecoin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024, fún ẹni tó ní kọ́ìnì tó so mọ́ owó orílẹ̀-èdè kan ní ẹ̀tọ́ láti gbowó rẹ̀ pé nígbàkúùgbà. GENIUS Act, tí ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2025, ní kí owó pé ní kan-sí-kan, kí wọ́n sì máa gbé ohun tó wà nípamọ́ jáde lóṣooṣù. Méjèèjì dára. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú oṣù, òpin ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì tó fún ti 2023.

Nílé wa, òfin máa ń yí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, CBN ní kí báńkì má ṣe bá oníkírípítò da nǹkan pọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú àwọn ìlànà. Òfin ISA 2025, tó jẹ́ òfin ìdókòwò, sì wá fi dúkìá orí íńtánẹ́ẹ̀tì sábẹ́ àmójútó SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà. Ẹ máa kọ òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà àti déètì rẹ̀ sínú fáìlì gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí, torí pé ẹni tó ń bọ̀ wá yẹ fáìlì náà wò lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ọ̀gá yóò máa sáré yín pé oníbàárà ti ń béèrè kọ́ìnì kan. Ẹ fi sùúrù dá a lóhùn, kẹ́ ẹ sì béèrè orúkọ báńkì tí owó wà, iye tó wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó lè gbà á padà. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá fẹ́ dárúkọ báńkì rẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i.