Ewé Tó Dúró Lójú Omi: Ohun tí Mo Rí ní Jacob's Well

Nígbà tí èmi àti ìdílé mi kó dé agbègbè Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, Jacob's Well ni ibi ìgbafẹ́ àkọ́kọ́ tí ọkàn mi fà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Wimberley ló wà. Kì í ṣe kànga tí ẹnikẹ́ni gbẹ́: ihò roboto ni nínú àpáta, fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, omi tútù a sì máa tú láti inú rẹ̀ tọ̀sán-tòru nígbà náà. Bí ewé bá já bọ́ sójú ihò náà, omi a tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì gbé e lọ sínú odò Cypress Creek. Àwọn ọmọ mi a máa jókòó sétí rẹ̀, wọn a ti ẹsẹ̀ bọ omi, wọn a sì pariwo nítorí òtútù, àní nínú oòrùn oṣù Keje.

Láti ọdún 2022 ni wọn kò ti jẹ́ kí ènìyàn lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, ewé ni mo kọ́kọ́ rí. Ó dúró sójú kan láàárín ihò náà, kò yí, kò sì rìn. Omi ṣì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú. Ó dùn mí dọ́kàn.

Kò sì sí ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ náà o. Ìjọba ìbílẹ̀ Hays, tí Wimberley wà lábẹ́ rẹ̀, ti sọ nǹkan bí éékà 81 di ọgbà ìdáàbòbò yí i ká. Ṣùgbọ́n inú omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Trinity ni ìsun náà ti ń bọ̀, omi yìí sì tàn kálẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá ọgbà náà réré. Láti ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Texas ní ọdún 1904 ni òfin ti gba onílẹ̀ láàyè láti fa omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, bí kànga aládùúgbò rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Ní ọdún 2010, ènìyàn 157,107 ló ń gbé ní Hays. Nígbà tó fi di ọdún 2020, wọ́n ti di 241,067. Ilé ń dìde lórí òkè tí màlúù ti ń jẹko tẹ́lẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ omi.

Àwọn kan ní ọ̀dá ló fà á. Ọ̀dá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dá ńlá tó jà ní Texas láàárín ọdún 1950 sí 1957 kò dá omi náà dúró; ọdún 2000 ni ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ní Austin, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin kan ní ọdún 1992 tó dín iye ilé àti kọnkéré tí a lè fi bo ilẹ̀ tó ń bọ́ Barton Springs, ìsun omi kan nínú ìlú náà, kù, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ títí di òní.

Èmi àti ìdílé mi wà nínú 241,067 yẹn, inú ilé tuntun náà ni à ń gbé. Nítorí náà ni mo ṣe dẹ́kun bíbomi rin koríko iwájú ilé, tí mo sì ń lọ sí ìpàdé ìlú nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ sí àdúgbò tuntun, láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọn omi tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó pín ilẹ̀ tó wà lókè.